Labrador tí mo rà ní Kabba, àti ọkùnrin tó tà á fún mi

Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń hanrun lábẹ́ kántà bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ló fi ṣe ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ náà sì ti kú tipẹ́. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Abo ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Labrador ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi gàrí tí wọn ò bu epo sí púpọ̀. Àwọn àgbà wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ í bá sọ ni wọ́n máa ń pe ajá pòwe fún. Èmi náà ní aládùúgbò kan. Ó ti gbọ́.

Kẹ́mísì ni mo ní ní Kabba. Láti ìgbà tí ajá yìí ti ń bá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè nípa ajá ti pọ̀ ju ìbéèrè nípa oògùn ibà lọ. "Màmá, èló lẹ rà á?" "Kí ló ń jẹ?" "Ṣé ẹ máa fún wa lọ́mọ tó bá bí?" Ọ̀gá kan tó wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní irú èyí á kún ìkòkò méjì. Mi ò tíì dárí jì í. Mo fẹ́ dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè ráyè tajà.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá ló ní dandan, mo gbọ́dọ̀ ní ajá. Ẹ mọ bí ọ̀nà àti oko wa ṣe dà láti ọdún mélòó kan. Èmi nìkan ni mo wà nílé, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Irú èyí tí ń bu èèyàn jẹ ló fẹ́ kí n rà. Ajá tí èmi fúnra mi á máa bẹ̀rù nínú ilé mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Labrador la wá fẹnu kò sí. Ó kọ ìbéèrè mẹ́jọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí n bi ẹni tó ń tà á, kí n má gbàgbé ìkankan. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni mo gbéra lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń sin ajá tà náà ń gbé lẹ́yìn ìlú, lápá ọ̀nà Lokoja. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí apá kan nínú ọ̀rọ̀ mi kò ní dùn mọ́ ọn, a sì jọ ń pàdé lọ́jà. Ọmọ Ìjùmú ni, ó mọ èèyàn kí. "Okun o, Mà," ó ti nu àga fún mi kí n tó sọ ohun tí mo wá ṣe. Ilé ajá rẹ̀ mọ́. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde, òórùn Izal sì gba gbogbo àyíká. Ìyá ajá wà níbẹ̀, dúdú kirikiri, ọmú rẹ̀ ṣì ń fì lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìrù na ilẹ̀kùn pákó gbàgbàgbà bí ẹni tí gbèsè rẹ̀ wọlé. Ọmọ méje ló bí: dúdú márùn-ún, yẹ́lò méjì. Mo ní, "Bàbá wọn ńkọ́?" Ó yọ fóònù lápò, ó fi fọ́tò ajá dúdú kan hàn mí, tó dúró nínú oòrùn, tó gbé ìrù sókè. Ó ní Lokoja ni ajá náà wà.

Dúdú jẹ́ ₦120,000, yẹ́lò jẹ́ ₦150,000. Mo béèrè ìdí tí yẹ́lò fi wọ́n jù. Ó ní yẹ́lò ni ojúlówó, pé ó ṣọ̀wọ́n. Irọ́ ni o. Àwọ̀ mẹ́ta ni Labrador ní, dúdú, yẹ́lò àti àwọ̀ kòkó, kò sì sí èyí tó ju èkejì lọ nínú wọn. Dúdú bá dúdú lè bí yẹ́lò bí ìyá àti bàbá bá jọ gbé e pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Yẹ́lò bá yẹ́lò kì í bí dúdú ní tirẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ojú mi ti wà lára ọmọ kékeré tó ń jẹ okùn bàtà mi ni. Mo san ₦150,000.

Bó ṣe dáhùn ìbéèrè ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ, torí láti ọdún méjì ó lé yìí ni mo ti ń fún un ní máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kìíní: ṣé ó lè ṣọ́lé? Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, n ò ní purọ́ fún yín. Ó máa gbó. Ṣùgbọ́n tólè bá mú búrẹ́dì dání, ó máa bá a gbẹ́rù ni." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní nǹkan bí aago méjì òru, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò rí i pé mi ò ti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù dáadáa, wọ́n wá kàn mí lẹ́nu géètì. Tanímọ̀la gbó lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn náà nípọn débi pé iná tàn nílé mẹ́ta. Mo ní áà, owó mi ò ṣègbé. Mo ṣí géètì. Ó sá jáde, ó fò mọ́ ọdẹ, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e wá fún mi. Bàbá ọdẹ di ìbọn mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tí mo tọ́ọ̀ṣì sí fìlà náà, kò sí ojú eyín kan lára rẹ̀. Itọ́ nìkan ló rin ín.

Iṣẹ́ ìran rẹ̀ ló ń ṣe. Bó ti ń jẹ́ Labrador yẹn, Newfoundland, erékùṣù kan ní Kánádà, ni irú wọn ti ṣẹ̀. Ajá àwọn apẹja ni wọ́n, wọ́n á bẹ́ sínú omi tútù, wọ́n á fa okùn àwọ̀n, wọ́n á mú ẹja tó bọ́. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ tiwọn láti máa gbé ẹyẹ tí wọ́n bá yìn lulẹ̀ wá fún wọn, nígbà tó sì di 1903, Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìran ajá níbẹ̀, kọ wọ́n sínú ìwé. Ajá tí baba ńlá rẹ̀ ń gbé pẹ́pẹ́yẹ wá láì fi eyín kàn án, òun lẹ fẹ́ kó fa olè ya? Ẹni tó bá fẹ́ ajá tí ń jẹni, kó wá irú mìíràn. Fún ìdáhùn yẹn, alájá gba máàkì kíkún, èmi ni mo gba òdo torí mi ò gbọ́.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fún mi ní káàdì, wọ́n lẹ bébà ara ìgò oògùn mọ́ ọn, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, dókítà ẹran sì fọwọ́ sí i. Oníkẹ́mísì ni mí, mo béèrè ohun tí ẹlòmíràn kì í béèrè: "Níbo lẹ ń gbé oògùn yìí sí nígbà tí kò síná?" Ó wọlé, ó gbé kúlà jáde, yìnyín kún inú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ ajá kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìta títí yóò fi gba abẹ́rẹ́ tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kí n sì má gbàgbé ti dìgbòlugi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù kan náà, ọmọ ajá méjì kú ní òpópónà wa, wọ́n ń bì, wọ́n ń ya ẹ̀jẹ̀, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Àrùn tí wọ́n ń pè ní pávò ni. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ bàtà lásán lè gbé e wọlé, ó sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé epo pupa ni oògùn rẹ̀.

Ọjọ́ orí ló ti ta kókó. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọmọ ajá náà. Dókítà ẹran la ẹnu rẹ̀ wò, ó wo eyín ẹ̀yìn tí kò tíì yọ tán, ó ní bó bá pọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì lè dà bíi pé kò jẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ìyá àti àwọn ọmọ ìyá ń kọ́ ọmọ ajá pé eyín ń dunni. Èyí tèmi, ọwọ́ mi ló fi kọ́ ọ. Àpá rẹ̀ wà níbí.

Ó yá, oúnjẹ. Ìdáhùn alájá: "Ẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí á fi yó." Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tó ń jẹ́ yíyó. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tèmi ń gbọ́ ìró ideri ìkòkò láti òdìkejì ilé. Lọ́jọ́ Sunday kan, àwọn àna mi wá láti Ìyàrá, mo gún iyán. Ẹ mọ̀ pé iyán kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọmọ odó yọ ni, mo yíjú láti wo ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lórí iná, kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, orí rẹ̀ ti wọnú odó, ìrù nìkan ló ń jù lókè. Mo pariwo. Ó gbórí sókè, iyán lẹ̀ mọ́ ọn nímú títí dé àgbọ̀n, ó dà bí bàbá àgbà tó hu irùngbọ̀n funfun, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń retí ọbẹ̀. Ìyá àna mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èéfín ti pọ̀ lójú mi, iṣu sì ti tán.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan àtààbọ̀ nígbà tí dókítà ẹran gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 37. Abo Labrador kò yẹ kó ju kílò 32 lọ. Ó ní kì í ṣe ojúkòkòrò lásán, pé lọ́dún 2016 àwọn onímọ̀ ní Cambridge rí ohun kan nínú àbímọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní POMC. Nínú Labrador mẹ́rin, ó lè tó ọ̀kan tí tirẹ̀ bà jẹ́, irú ajá bẹ́ẹ̀ ni ebi kì í yé pa. Ó tún sọ ti àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe lórí Labrador 48 láti kékeré wọn, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, wọ́n ń fún ọ̀kan ní oúnjẹ tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti èkejì. Àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Mo délé, mo gbé agolo mìlíìkì, òun ni mo fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti sanra jù, ẹ fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó yẹ kẹ́ ẹ lè fọwọ́ ka egungun ìhà láì tẹ̀ ẹ́. Kílò 29 ni tèmi báyìí. Ẹ má fún wọn ní egungun tí wọ́n ti sè, ó ń ṣán sí wẹ́wẹ́, ó ń gún ìfun. Ẹ má sì da ọbẹ̀ alálùbọ́sà sórí oúnjẹ wọn, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Alájá kò sọ ìkankan nínú èyí fún mi.

Ti eégbọn, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A lọ sóko kaṣú lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, ó kó o bọ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kọ oúnjẹ. Labrador tó bá kọ oúnjẹ, ẹ má dúró di ọ̀la. Èrìgì rẹ̀ ti funfun, ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì. Abẹ́rẹ́ ló gbà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi oògùn eégbọn sí i lọ́rùn lóṣooṣù, ọ̀sán oṣù Kẹta ní Kabba níbí sì rèé, a kì í rìn; abẹ́ fáànù àti ọpọ́n omi ni ibùgbé rẹ̀.

Ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi mí jù ló kù, ìgbà tó máa bímọ. Ibẹ̀ ni èmi àti alájá ti jà.

Nígbà tó pé nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń wá akọ. Ọjọ́ kẹta, gbogbo bíńgò ìlú ti dé ẹnu géètì mi. Mọ́kànlá ni mo kà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn kò ní etí òsì. Kí n tó pe alájá, ó ti pè mí. "Mà, ó ti tó àkókò o. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọmọ máa ń pọ̀." Dókítà ẹran ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ọmọdé ni. Kí abo pé nǹkan bí ọdún méjì kó tó lóyún, kí egungun rẹ̀ ti gbó. Bó bá ti wá akọ, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà tó sì máa ń gbà kí akọ gùn ún sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà síra ni wọ́n ń rí i. Oyún jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63. Ọmọ lè jẹ́ márùn-ún, ó lè jẹ́ mẹ́wàá, ẹ sì ní láti jí ní gbogbo òru ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ìyá má bàa sùn lé wọn. Ẹni tó bá rò pé owó ọ̀fẹ́ ni, kó kọ́kọ́ ṣírò oúnjẹ ìyá tó ń fọ́mọ méje lọ́mú.

Mo jẹ́wọ́, ìgbà kejì tó wá akọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ojú wọ̀ mí. Alájá ní ₦80,000 ni kí ajá Lokoja yẹn gùn ún, mo san ₦40,000 sílẹ̀. Dókítà ẹran bi mí ní ọ̀rọ̀ kan péré: "Ṣé wọ́n ti ya ẹ́síréè ìbàdí àwọn méjèèjì?" Mo béèrè lọ́wọ́ alájá. Ó ní, "Mà, ẹ ṣáà rí i bó ṣe ń sáré."

Mo gbé Tanímọ̀la lọ sílé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì ní Ilorin. Ọ̀nà Mopa sí Ìsánlú sí Egbe yẹn, ẹ mọ bó ṣe rí. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì sórí ìró mi. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n nà án gbọọrọ, wọ́n ya á. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i: ní apá ọ̀tún, orí egungun itan jókòó sínú ihò rẹ̀ bí ẹyinjú nínú agbárí, ní apá òsì, ihò náà tẹ́ bí àwo, orí egungun sì fẹ́ yọ jáde. Ajá tí kò tíì tiro rí. Ó ní àrùn ìbàdí yìí ń ti ara òbí wá, pé sísanra nígbà tó ń dàgbà á sì ti dá kún un. Ọ̀rọ̀ "títí á fi yó" yẹn. Ó ní kí n má jẹ́ kó bímọ.

Mo sọ fún alájá. Ó dákẹ́ lórí fóònù, ó wá ní, "Ajá tó ń sáré báyìí, Mà? Ẹ̀rọ yẹn ló ń tiro." Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dá ₦20,000 padà nínú ₦40,000 mi, ìyókù, ó ní ti wàhálà ni. Wàhálà wo? Ajá rẹ̀ kò kúrò ní Lokoja.

Ohun tí mo rí nípa rẹ̀ ni pé ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí, ẹ gbà á gbọ́. Ìmọ́tótó rẹ̀, kúlà rẹ̀, ọ̀rọ̀ olè àti búrẹ́dì yẹn, òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá gba ìwé, ẹnu ló fi ń dí i. Mi ò ní kí ẹ má ra ajá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ti akọ tó fi ń gùn, ẹyọ kan, ẹyọ náà sì jẹ́ ti ìkíni.

A yọ ilé ọmọ Tanímọ̀la ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, kò yọ ọ́ lẹ́nu, ọjọ́ kejì ló ti ń wá agolo mìlíìkì kiri.

Ìyá dúdú yẹn ti tún bímọ. ₦300,000 ló ń pè é báyìí, yẹ́lò ṣì wọ́n jù. Àbúrò mi tó wà ní Mopa fẹ́ ra ọ̀kan, mo ní kó kọ́kọ́ béèrè ẹ́síréè bàbá wọn. Alájá ní kò sí wàhálà, òun máa fi ránṣẹ́. Ó dé lánàá, àbúrò mi darí rẹ̀ sí mi. Ajá dúdú kan ló dúró nínú oòrùn, tó gbé ìrù sókè. Fọ́tò 2023 ni.